Ìyá Arúgbó Tó Bá Wa Wọkọ̀ Gun Òkè Ìkúùkù

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá mi pa ìlẹ̀kùn yẹn dé, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, n kò fẹ́ kí atẹ́gùn òkè gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́dìran ará Ìlọ́mú. Èmi ni mo bá ẹfọ̀n jà létí odò Àṣálú, tí mo fi ọwọ́ òsì di ìwo rẹ̀ mú, tí mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún wá ọ̀bẹ nínú àpò. Èmi ni mo sùn sínú ihò ẹkùn láìmọ̀, tí ẹkùn dé tó bá mi níbẹ̀, tó wò mí títí, tó sì lọ wá ibòmíràn sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Ọdẹ́dìran sá fún ẹranko rí, ẹ bi í pé kí ni orúkọ ẹranko náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹranko. Ọjọ́ tí ẹ̀rù bà mí jù láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, orí àga ni mo jókòó sí. Àga ọkọ̀ ni. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí sitiárìn, ẹsẹ̀ mi sì ń gbọ̀n lórí bíréèkì bí ewé kókò tí òjò ń pa.

Gbogbo yín lẹ ti rí Òkè Ìkúùkù láti òkèèrè, bí kùrukùru ṣe máa ń bo orí rẹ̀ tí ẹ ó fi rò pé ojú ọ̀run ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìlú kan wà ní ṣóńṣó orí òkè náà tí wọ́n ń pè ní Téńté. Ẹsẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń sọ̀ tí wọ́n fi ń gùn, wọ́n ń gba ọ̀nà tóóró kan láàárín àpáta, ẹni tó bá sì jáde ní Ìlọ́mú lọ́sàn-án, ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò mọ́ bá a lọ́nà. Ọ̀nà ọkọ̀ wà o. Àwọn tó fẹ́ gbé òpó wáyà sórí òkè ló gbẹ́ ẹ nígbà kan. Wọ́n fi ẹ̀rọ là á yí òkè ká, apá kan rẹ̀ jẹ́ ògiri àpáta, apá kejì kò jẹ́ nǹkan kan. Òfìfo ni. Bí o bá ju òkúta síbẹ̀, o ó dúró, o ó dúró, o kò ní gbọ́ ìró rẹ̀. Ọjọ́ tí lọ́rì wọn já síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kó irin iṣẹ́ wọn lọ, wọn kò sì padà wá mọ́. Láti ìgbà náà ni igbó ti gba ọ̀nà yẹn padà, tí àwọn tó ni igbó sì ti padà sí àyè wọn. Ẹ má ì tíì bi mí pé àwọn wo ló ni igbó. Ẹ ó gbọ́.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí, Ọdẹ́fúnkẹ́, Téńté ló sì lọ́kọ sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó níwájú ilé, mò ń fi òróró nu ìbọn mi, nígbà tí ọkọ rẹ̀, Ògúnṣakin, já wọ àgbàlá mi. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀ lé e wọlé.

“Bàbá,” ó ní, “paramọ́lẹ̀ bu Ọdẹ́fúnkẹ́ ṣán lóko ní ìdájí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú dé orúnkún kí n tó kúrò nílé. Gbogbo ewé tí a mọ̀ la ti lò. Ẹ bá mi wá abẹ́rẹ́.” Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó ṣubú lulẹ̀, kò sì lè dìde mọ́.

Mo sáré lọ bá Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní ní ilé ìtọ́jú. Obìnrin náà kì í rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ̀rọ̀ méjì. Ó gbọ́ mi tán, ó ṣí fíríìjì, ó mú ìgò kékeré kan jáde.

“Bàbá Ọdẹ, oògùn oró ejò nìyí, ìgò kan yìí ló kù. Ṣùgbọ́n inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà títí tí yóò fi wọ ara rẹ̀. Bí ooru bá mú un, omi lásán la ó máa gún un.”

“Ẹ fún mi, kí n máa gbé e lọ.”

“Ṣé ẹ mọ abẹ́rẹ́ gún ni?”

Ó wò mí, ó fa àpótí kúlà kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó kó yìnyín sí i, ó ri ìgò náà sáàárín rẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n wọ bàtà mi. Ọ̀nà wo la ó gbà?” Mo ní ọ̀nà ọkọ̀. Ó wo òkè náà láti ojú fèrèsé, ó sì lọ wọ bàtà rẹ̀.

Lánihùn agégẹdú ló ní jíìpù nílùú wa nígbà náà. Òun náà ló kọ́ mi ní wíwakọ̀ nígbà tí mo máa ń bá a wọ igbó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó tẹ́jú ni mo ti ń wà á. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fún mi, kò wá sítòsí ọkọ̀ náà rárá. “Mo yá ọ ní ọkọ̀, Ọdẹ́dìran,” ló wí, “n kò yá ọ ní ẹ̀mí mi. Ìhín yìí ni n ó ti máa wò yín. Kí o sì mọ̀ pé bíréèkì rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ ronú kó tó mú.” Ìyàwó mi, Àwẹ̀ró, tẹ̀ lé mi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó bá mi di bọ́tìnnì ọrùn mi bí ẹni pé òde ìyàwó ni mò ń lọ, ó ní, “Bàbá Ọdẹ́fúnkẹ́, ẹ má wo ìsàlẹ̀ o.” Mo gbé ìbọn mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì gbé kúlà lé itan, a gbéra.

Bí a ti wọ ẹsẹ̀ òkè náà ni oòrùn pòórá lórí wa. Àwọn igi na ọwọ́ sí ara wọn lókè, koríko sì ga dé iwájú ọkọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà kò burú, mo tilẹ̀ ń sú ìfé, mò ń sọ fún nọ́ọ̀sì bí mo ṣe pa ìnàkí kan níbì kan báyìí, nígbà tí a kan òkìtì gbọọrọ kan tó dábùú ọ̀nà láti ara àpáta dé etí òfìfo. Koríko hù lórí rẹ̀. Mo ní n ó gùn ún kọjá. Táyà iwájú gun orí rẹ̀ báyìí, òkìtì náà sì mí. Ó mí, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ó gbé ọkọ̀ wa sókè, ó rọra gbé e padà sílẹ̀. Orí kan yí sí wa láti inú koríko, ó tó àgbá omi, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì ní ìpéǹpéjú kankan tó lè fi pa á dé.

“Ta ló ń fi ẹsẹ̀ rọ́bà tẹ irun ẹ̀yìn mi?”

Mo rántí irú ẹni tí mo jẹ́. Mo dìde dúró nínú ọkọ̀, mo fọhùn sókè: “Èmi ni! Èmi Ọdẹ́dìran, tí mo wọ igbó tí igbó pa lọ́lọ́, tí ẹfọ̀n rí mi tó gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀—”

“Ó tó,” ni ohun náà wí. “Gbogbo ọdẹ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó jókòó lé wọn lórí. Èmi ni Adùbúlẹ̀-má-sùn. Ìwọ tí o ń pariwo, kí lo gbé tó ń yára kú ju ẹni tí o ń gbé e lọ fún lọ?”

N kò sọ fún un pé ẹnì kan ń kú, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ fún un. Mo wo ojú nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo orí itan rẹ̀.

“Yìnyín ni,” ló wí.

“N kò mọ̀ ọ́n. Ohun gbogbo tó ń gba ìhín kọjá ni mo ti fọwọ́ kàn. Ẹ fún mi lára èyí tí n kò mọ̀, n ó sì yà fún yín. Bí ó bá jẹ́ irọ́ lẹ pa, n ó yí ara padà sí apá ibi tí ẹ wà yẹn.”

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Bí a bá bu yìnyín fún un, tí ìyókù kò bá tó ńkọ́? Bí a kò bá bu ú fún un, ibẹ̀ ni ìrìnàjò parí sí. Nọ́ọ̀sì ṣí kúlà, ó mú ègé ńlá kan, ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó rìn dé iwájú orí náà. Obìnrin ni o! Ó ní, “Bàbá, ẹ na ọwọ́ yín.” Ọwọ́ kan yọ láti abẹ́ ilẹ̀, ó fẹ̀ bí ẹní, nọ́ọ̀sì sì gbé yìnyín náà sáàárín rẹ̀.

Igbe tí ohun náà ké! Ẹyẹ fò kúrò lórí gbogbo igi. “Ó jó mi! Iná tí kò pọ́n!” Ṣùgbọ́n kò jù ú nù. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wò ó, ohùn rẹ̀ sì yí padà. “Ó ń sunkún. Ẹ wò ó, ó ń sunkún sí mi lọ́wọ́. Kí ni mo fi ṣe é?”

“Ooru ọwọ́ yín ni kò fẹ́,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ sáré gbé e lọ síbi tí omi tútù wà, kó tó tán mọ́ yín lọ́wọ́.”

Adùbúlẹ̀-má-sùn dìde. Ilẹ̀ mì, òkúta ń yí, ó sì ń sáré lọ sínú igbó, ọwọ́ rẹ̀ kan bo èkejì bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó ń pariwo pé, “Má kú! Má kú!” N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín. Mo tẹ iná mọ́ ọkọ̀, a kọjá lórí ibi tí ó ti dùbúlẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì gbóná bí ẹní tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni òkè náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró gangan. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Ọ̀nà náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí ilẹ̀ níwájú mọ́, bònẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àti ojú ọ̀run nìkan ni mò ń rí. Bí mo bá dé ibi tó ti kọ kọ́nà, n ó yí sitiárìn láìmọ̀ bóyá ọ̀nà wà níbi tí mò ń yí i sí. Ẹ́ńjìnnì ń kérora. Táyà ń yí lórí òkúta wẹ́wẹ́ láìsún síwájú, yóò yí, yóò yí, yóò wá ta gìrì mú ilẹ̀, àyà mi á sì já. Ara ìhà ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ń họ àpáta, ìhà ọ̀dọ̀ mi ni òfìfo wà. Èmi tí mo ti gun ọ̀pẹ tí ó ga jù ní Ìlọ́mú láìlo igbà! Níbi kan, mo gbọ́ tí ilẹ̀ etí ọ̀nà ya lábẹ́ táyà ẹ̀yìn. Mo wo ìsàlẹ̀. Mo rí orí igi ńláńlá bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n gbìn sórí ebè. Ìyàwó mi kìlọ̀ fún mi, mo sì wò ó.

Ibẹ̀ ni kùrukùru ti bò wá. Kò wá díẹ̀díẹ̀, ó ṣú bò wá bí aṣọ ni. N kò rí bònẹ́ẹ̀tì mọ́. Mo dúró, mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ni ọmọ mi pè mí.

“Bàbá. Bàbá mi, ẹ yà sí ọwọ́ òsì díẹ̀. Ọ̀nà wà níbí.”

Ohùn Ọdẹ́fúnkẹ́ ni. Bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀ ló fà á. Ọwọ́ mi ti ń yí sitiárìn kí n tó mọ̀. Nọ́ọ̀sì gbá ọwọ́ mi mú. “Bàbá Ọdẹ! Ọwọ́ òsì kọ́ ni ọ̀gbun wà?”

Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá kùrukùru náà sọ̀rọ̀. “Bí o bá jẹ́ ọmọ mi, kí ni orúkọ tí mo máa ń pè ọ́ nígbà tí o wà lọ́mọdé?”

Ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. “Ẹ̀yin náà ẹ kọ́kọ́ pè é, Bàbá, kí n gbọ́ bóyá ẹ ò tíì gbàgbé.”

“Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀?”

“Àwọn tó ti kọ́kọ́ gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni. A pọ̀. Àyè ṣì wà. Ẹ pe orúkọ náà, ó wù mí kí n gbọ́ ọ.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, orúkọ náà ti dé etí ètè mi. Ọmọ mi ń kú lọ lókè, ohùn rẹ̀ ń bẹ̀ mí nísàlẹ̀, báwo ni n ó ṣe dákẹ́? Nọ́ọ̀sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu pátápátá. “Ẹ má pè é! Ohun tí ẹ bá fún wọn ni wọn yóò fi mú yín.” Ó tú gèlè funfun orí rẹ̀, ó gbé kúlà sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀, ó ní, “N ó rìn níwájú. Funfun yìí ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ dúró.” Ó sọ̀kalẹ̀. Báyìí la ṣe lọ, òun ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bí afọ́jú, gèlè ń fì lẹ́yìn rẹ̀, èmi ń tẹ̀ lé e ní jíà kìn-ín-ní, ohùn ọmọ mi sì ń bá wa lọ láti apá òsì. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sunkún, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, pé irú bàbá wo ni èmi.

Ibi tí òkè ti dúró jù ni ẹ́ńjìnnì ti kú. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Mo tẹ bíréèkì, bíréèkì ń ronú. Mo fa ti ọwọ́, ó já, ó kù sí mi lọ́wọ́. Gèlè funfun ń jìnnà sí mi. “Nọ́ọ̀sì!” ni mo ké. “Nọ́ọ̀sì ooo!” Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta kọjá, ó na ọwọ́ sínú ọkọ̀, ìbọn mi ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Ìbọn bàbá mi ni o, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró nù. Ó fi í há sẹ́yìn táyà. Mo gbọ́ tí ìdí igi rẹ̀ fọ́, mo gbọ́ tí irin rẹ̀ ń ké, ọkọ̀ sì dúró. Nígbà tí mo yọjú wẹ́yìn, táyà kejì ti wà lórí òfìfo, ó ń yí jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀.

N kò mọ ìgbà mélòó tí mo yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn. Bí ọkọ̀ ti fò síwájú ni ìbọn mi yọ̀ lọ sínú ọ̀gbun. Mo fetí sílẹ̀. Títí di òní, n kò tíì gbọ́ ìró rẹ̀.

A jáde nínú kùrukùru, oòrùn ti ń wọ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì padà wọ ọkọ̀, ó ṣí kúlà, yìnyín tó kù kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, ìyókù ti di omi. Ó kàn pa á dé. Ibi tí a ti kọ kọ́nà kan báyìí ni a ti rí ìyá arúgbó kan tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ àpáta, ẹrù igi ìdáná kékeré wà lórí rẹ̀. Kí n tó lè sọ pé n kò ní dúró, ọkọ̀ ti rọra dúró fúnra rẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ̀yin ọmọ mi. Téńté lẹ ń lọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá,” ni nọ́ọ̀sì dáhùn.

“Ẹ ṣeun tí ẹ gbé mi.” Ó ti wà lẹ́yìn ọkọ̀. N kò rí ìgbà tó gùn ún. Jíìpù náà rì bí ẹni pé wọ́n gbé ìtì igi kan sínú rẹ̀, òtútù kan sì bà lé mi lẹ́yìn ọrùn, ó ju ti inú kúlà lọ.

A rìn díẹ̀. Mo ní, “Ìyá, kí lẹ ń lọ ṣe ní Téńté?”

“Ọmọbìnrin kan ni mo fẹ́ lọ mú,” ló wí, bí ẹni tó ń lọ gba iyọ̀ ládùúgbò. “Aya Ògúnṣakin ni wọ́n ní kí n béèrè. Mo ti rò pé ilẹ̀ yóò mọ́ kí n tó débẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí iṣẹ́ mi yá lónìí.”

Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ lórí ibẹ̀ yẹn.

Èmi ni mò ń wà á. Ọwọ́ mi yìí, tó di ọmọ yẹn mú nígbà tó ń kọ́ ìrìn, òun ló ń wa ìyá yìí lọ sí ẹsẹ̀ ẹní rẹ̀. Bí mo bá dúró, yìnyín yóò tán. Bí mo bá ń lọ, gbogbo bí mo ṣe ń sáré tó, èmi ni mò ń gbé e sáré. Èékánná nọ́ọ̀sì wọ mí lápá. Omi ń bọ́ lójú obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín náà.

“Ìyá,” ni mo wí, “bí mo bá ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀ ńkọ́?”

“Kò sí ẹni tó ń sọ èmi kalẹ̀, ọdẹ. Àfi bí èmi fúnra mi bá ní n kò lọ mọ́. Ṣé o ti gbọ́ ibi tí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí?”

N kò gbọ́ ọ rí. A dé kọ́nà kan tó mú gan-an, ọkọ̀ fì sí apá òfìfo, mo sì gbójú wo dígí láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ó ti gbé ẹrù rẹ̀ jù sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di irin ọkọ̀ mú gírígírí, ojú rẹ̀ sì dì pinpin.

Mo tún wò ó ní kọ́nà kejì. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n bíi tèmi.

Ìyá yìí kò wọkọ̀ rí! Láti ọjọ́ tó ti ń rin òkè àti ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń fi tẹ̀ ẹ́. Ohun tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù jókòó lẹ́yìn mi, ẹ̀rù ọ̀nà Òkè Ìkúùkù sì ń bà á. Mo wo nọ́ọ̀sì, mo fi ojú tọ́ka sí dígí fún un. Ó wò, ó sì yé e. Ó gbá kúlà mọ́ àyà, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti iwájú ọkọ̀, ó ní, “Ẹ wà á, Bàbá Ọdẹ.”

Mo tẹ iná mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mo ṣe é pẹ̀lú ìgboyà. Ìgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára mi. Mo darí ọkọ̀ sí etí òfìfo báyìí, táyà ń da òkúta sílẹ̀, mo yí i wọlé, ó họ àpáta, iná ta pàrà, mo tún yí i jáde. Mò ń sunkún, mò ń pariwo, n kò mọ ohun tí mò ń sọ. “Ìyá, ẹ la ojú! Ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ wo bó ṣe dára!”

“N kò wò ó!”

“Ẹ wò ó! Lọ́rì kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ mọ̀ yín!”

“Dúró! Ọdẹ, dúró, mo bẹ̀ ọ́!”

“Kí lẹ wí, Ìyá?”

“Mo ní n kò lọ mọ́! N kò bá yín lọ mọ́, ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn!”

Mo tẹ bíréèkì. Ó ronú, ó ronú, ó mú. Kí ó tó sọ̀kalẹ̀, mo na ọwọ́ dí i lọ́nà. Bí mo ṣe láyà ṣe é, n kò mọ̀. Mo ní, “Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ dé ibẹ̀ ńkọ́?”

Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wò mí pẹ́, ojú rẹ̀ sì ti padà sí ojú ẹni tó jẹ́. “Àárọ̀ ni n ó dé. Bí mo bá bá a lórí ìjókòó, n ó kí i, n ó sì kọjá. Bí mo bá bá a ní ìdùbúlẹ̀, tèmi ni. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dì í mú jókòó dè mí, tàbí kó sọ fún un pé mo ń bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni.”

“Mo gbà.”

“O kò ní ohun míràn tí o lè ṣe ju kí o gbà,” ló wí. Ó sọ̀kalẹ̀, jíìpù náà sì fò síwájú bí ẹyẹ.

Bí a ṣe dé Téńté, ẹ́ńjìnnì ń yọ èéfín, omi inú rẹ̀ ti hó tán. Àwọn ará ìlú tú jáde, wọ́n rò pé ilé ló ń jó bọ̀. Ọmọ mi dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú dé itan, kò mọ̀ pé mo dé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣí kúlà, ègé yìnyín kan tí kò ju èso iṣin lọ ló kù, ó lẹ̀ mọ́ ara ìgò náà. Ó fọwọ́ kan ìgò, ó ní, “Ó ṣì tutù.” Ó gún un. Ìyókù ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Ẹni tó bá ti jókòó ti aláìsàn rí mọ bó ṣe rí.

Ilẹ̀ mọ́. Ara Ọdẹ́fúnkẹ́ ti rọ̀, wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ó la ojú, ó mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mo ní, “Ọmọ mi, dìde jókòó.”

“Bàbá, ó rẹ̀ mí.”

“Díẹ̀ péré. Tìtorí tèmi.”

“Ẹ jẹ́ kí n sùn sí i, Bàbá. Tó bá yá.” Ó yí ojú sí ògiri. Mo wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ ara rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ lò. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo bí, mò ń bẹ̀ ẹ́, n kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ níta. Ó rọra ń bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Àgò onílé o.”

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò dáhùn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi gbọ́ pé ohùn àgbàlagbà ni, àti pé wọ́n ti kí onílé, onílé kò sì dáhùn. Àwẹ̀ró ló tọ́ ọmọ yẹn. Mo rí i tó fi ọwọ́ wá ògiri. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ró, ó gbọ̀n, ó padà ṣubú, ó tún gbé e ró. Ó fa ẹsẹ̀ wíwú náà sún, òógùn bò ó, ó sì jókòó. Ó fa ìró rẹ̀ bo orúnkún.

“Àgò yà, Ìyá. Ẹ wọlé, ẹ má bínú. Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí ni n kò fi lè kúnlẹ̀.”

Ìyá arúgbó náà wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó wo ọmọ mi láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé mo ti kú dípò rẹ̀.

“Má da ara rẹ láàmú, ọmọ mi,” ló wí. “Ìjókòó yẹn náà tó.” Ó yíjú sí mi. “Ọdẹ, kí ni ìwọ yóò fi sọ̀kalẹ̀?”

“Ẹsẹ̀ ni, Ìyá.”

“Èmi náà,” ló wí, ó sì yí padà, ó ń lọ.

Jíìpù Lánihùn ṣì wà ní Téńté, adìyẹ ló ń yé sínú rẹ̀. Èmi àti nọ́ọ̀sì fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gba àárín àpáta, ṣùgbọ́n a kò tètè kúrò. A dúró títí tí ọmọ mi fi ń rìn dé ìdí kànga tó ń padà, tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá pé ṣé a kò ní ilé ni. N kò lè sọ fún wọn pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló sọ̀ kalẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀, àti pé mo fẹ́ kí ẹni tó ṣáájú mi jìnnà dáadáa.